Ta Ló Ni Àsíá? Àwọ̀ Ara, Ohun Tójú Rí, àti Ìfẹ́ Ìlú Ẹni ní Amẹ́ríkà

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 2008, Michelle Obama dìde sọ̀rọ̀ ní ìlú Milwaukee, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Ọkọ rẹ̀ ń du ipò Ààrẹ nígbà náà. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dàgbà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí orílẹ̀-èdè òun ń mú orí òun wú ní tòótọ́. Lọ́jọ́ kejì, Cindy McCain, tí ọkọ tirẹ̀ ń du ipò náà lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú kejì, sọ fún àwọn èrò tó wá gbọ́ ọ pé òun kò mọ ti ẹlòmíràn o, ṣùgbọ́n ní ti òun, Amẹ́ríkà ń mú orí òun wú gidigidi.

Ariwo ọ̀rọ̀ yẹn kò tètè rọlẹ̀. Àwọn kan pe Michelle ní aláìmoore: ta ló rán an lọ sí Princeton àti Harvard bí kì í bá ṣe ìlú yìí kan náà? Àwọn mìíràn, àgàgà àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti lọ́jọ́ lórí, kò tilẹ̀ rí ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ bí ìgbà tí ènìyàn bá sọ pé òjò rọ̀ lánàá.

Ẹ wo ibi tí kálukú ti ń bọ̀. Baba ńlá Michelle kan, Jim Robinson, ṣe ẹrú nínú oko Friendfield ní South Carolina. Bàbá Cindy lówó lọ́wọ́ nídìí òwò bíà ní Arizona, ọkọ rẹ̀ sì lo ọdún márùn-ún ààbọ̀ ní àhámọ́ àwọn ọ̀tá ní Vietnam. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú àwọn obìnrin méjèèjì. Ohun tí ìlú náà gbà lọ́wọ́ ìdílé kan ni a ń pè ní ìrúbọ, wọ́n sì fún wọn ní oyè lé e. Ohun tó gbà lọ́wọ́ ìdílé kejì kò lórúkọ fún ìgbà pípẹ́, ká má tíì sọ pé wọ́n dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí tún ti gbóná. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2026 ni Amẹ́ríkà pé ọmọ 250 ọdún, ọjọ́ ìbí tó bá sì tó báyẹn kò lè kọjá kí ẹnikẹ́ni má bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń yọ̀ lé lórí, àti pé àwọn wo ni “àwa” tó wà nínú orin orílẹ̀-èdè wọn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, Ààrẹ Trump fọwọ́ sí àṣẹ kan tó fẹ̀sùn kan àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian pé wọ́n ti jẹ́ kí èrò tó ń fi ẹ̀yà pín ará ìlú wọ inú iṣẹ́ wọn, ó sì ní kí wọ́n tún ìtàn náà sọ lọ́nà tí yóò mú orí ará ìlú wú. Ọdún mẹ́rin ṣáájú ìgbà náà, Ààrẹ Biden ti fọwọ́ sí òfin tó sọ ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà di ọjọ́ ìsinmi gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọjọ́ yẹn ní ọdún 1865 ni àwọn ọmọ ogun kéde ní Galveston, ní Texas, pé àwọn ẹrú ti di òmìnira, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní ọdún méjì tí Ààrẹ Lincoln ti kéde rẹ̀. Orílẹ̀-èdè kan wá ní ọjọ́ òmìnira méjì, ọjọ́ 15 péré ló sì wà láàárín wọn. Ọjọ́ tí ara ẹni bá yá sí jù nínú méjèèjì ń sọ púpọ̀ nípa ìran ẹni.

Láti ọdún 2001 ni ilé-iṣẹ́ Gallup ti ń bi àwọn ará Amẹ́ríkà bí orílẹ̀-èdè wọn ṣe ń mú orí wọn wú tó. Ní ọdún 2003, nígbà tí ọgbẹ́ ìkọlù oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001 ṣì tutù, ènìyàn 70 nínú 100 ló mú ìdáhùn tó ga jù lọ. Ní ọdún 2022, ó ti já wálẹ̀ sí 38. Àwọn aláwọ̀ funfun ló sábà máa ń mú ìdáhùn gíga yẹn ju àwọn ẹ̀yà yòókù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé àwọ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ní ọdún 2025, nígbà tí wọ́n pa ìdáhùn méjì tó ga jù pọ̀, 92 nínú 100 lára àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Republican, ẹgbẹ́ Ààrẹ Trump, ló wà níbẹ̀, àwọn Democrat kò ju 36 lọ. Aláwọ̀ funfun kún inú ẹgbẹ́ méjèèjì. Apá kan ìyangàn, nígbà náà, kò ju pé ta ló jókòó sórí àga lọ, ìyẹn sì lè yí padà láàárín ọdún mẹ́rin. Èyí tó ti ara ìran wá kì í tètè yí bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè Gallup fúnra rẹ̀ ní wàhálà kan tí èdè Yorùbá jẹ́ kí n tètè rí. Lọ́dọ̀ wa, “orí mi wú” yàtọ̀ sí “mo ń fi yangàn,” méjèèjì sì yàtọ̀ sí “ilé mi ni.” Orí ènìyàn lè má wú nítorí ilé bàbá rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kí ó sì tún jẹ́ pé òun ni yóò kọ́kọ́ gbé omi bí iná bá sọ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo tí wọ́n ń lò nínú ìbéèrè yẹn pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹni tó bá sì fèsì pé “kò fi bẹ́ẹ̀ wú” ni wọn yóò kà sí ẹni tí kò fẹ́ràn ìlú.

Àwọn onímọ̀ ti gbìyànjú láti tú u palẹ̀. Ní ọdún 1989, Rick Kosterman àti Seymour Feshbach fi hàn pé kí ènìyàn fẹ́ràn ìlú rẹ̀ àti kí ó gbà pé ìlú rẹ̀ ló yẹ kó jọba lórí àwọn yòókù, ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni Robert Schatz, Ervin Staub àti Howard Lavine ya ìfẹ́ ìlú tó di ojú sọ́tọ̀ kúrò lára ìfẹ́ tó ń bá ìlú wí kí ó lè dára. Èyí tó wúlò jù fún wa níbí ni ti Thierry Devos àti Mahzarin Banaji, ní ọdún 2005. Wọ́n fi àwòrán ojú àwọn ọmọ Amẹ́ríkà hàn àwọn ènìyàn lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kí wọ́n so wọ́n pọ̀ mọ́ àmì orílẹ̀-èdè náà, bí àsíá, tàbí mọ́ àmì ilẹ̀ òkèèrè. Ọwọ́ wọn yá láti so ojú funfun mọ́ àsíá ju ojú àwọn tí ìran wọn ti Éṣíà wá lọ, bẹ́ẹ̀ ọmọ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn. Àwọn ọmọ ìran Éṣíà tó kópa náà ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwòrán ìran tiwọn. Ní ọdún 2008, Devos àti Debbie Ma rí i pé ọwọ́ àwọn ènìyàn yá láti so Kate Winslet mọ́ Amẹ́ríkà ju Lucy Liu lọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí Winslet sí, New York ni wọ́n bí Liu sí. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín nígbà tí mo kà á. Lẹ́yìn náà ni mo rò ó pé báwo ni àsíá yóò ṣe mú orí ẹni wú bí ojú ẹni bá ń pẹ́ kí wọ́n tó so ó mọ́ ọn.

Ìwádìí ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ibi tó ti ń dunni wọra ni ìtàn àwọn sójà, nítorí kò sí ẹni tí ìlú lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ju sójà lọ.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 1942, kò tíì pé oṣù méjì tí Amẹ́ríkà wọ ogun, ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú kan, Pittsburgh Courier, tẹ lẹ́tà kan jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 26 láti Wichita, ní Kansas, James G. Thompson, ló kọ ọ́. Ilé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó béèrè bóyá ó yẹ kí òun fi ẹ̀mí òun rúbọ kí òun lè máa gbé ayé bí ìlàjì ọmọ Amẹ́ríkà. Nínú lẹ́tà kan náà ló ti sọ pé òun fẹ́ràn Amẹ́ríkà, òun sì ṣe tán láti kú fún Amẹ́ríkà tí òun mọ̀ pé yóò dé lọ́jọ́ kan. Láti ara lẹ́tà yẹn ni ìwé ìròyìn náà ti gbé ìpolongo ìṣẹ́gun méjì jáde, ọ̀kan lórí ọ̀tá òkèèrè, èkejì lórí ìyà tí wọ́n ń fi jẹ aláwọ̀ dúdú nílé.

Mo dúró pẹ́ lórí gbólóhùn Thompson. Amẹ́ríkà tó fẹ́ kú fún kò sí láyé lọ́jọ́ tó ń kọ̀wé. Bí ẹ bá bi í ní ìbéèrè Gallup, kí ni yóò mú?

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1944, sójà kan, Rupert Trimmingham, kọ̀wé sí Yank, ìwé ìròyìn àwọn ọmọ ogun. Wọ́n ń kó òun àti àwọn mẹ́jọ mìíràn, aláwọ̀ dúdú gbogbo wọn, láti àgọ́ kan ní Louisiana lọ sí Arizona. Ebi ń pa wọ́n, wọn kò sì rí ibi tí wọn yóò ti jẹun, àfi ilé oúnjẹ ibùdókọ̀ ojú irin kan tí wọ́n ní kí wọ́n gba ẹ̀yìn wọ ilé ìdáná rẹ̀. Bí wọ́n ti ń dúró níbẹ̀ ni nǹkan bí ẹlẹ́wọ̀n ogun mẹ́rìnlélógún, ọmọ Jámánì, wọlé pẹ̀lú sójà Amẹ́ríkà méjì tó ń ṣọ́ wọn. Wọ́n jókòó sídìí tábìlì, wọ́n bu oúnjẹ fún wọn, wọ́n ń fa sìgá, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Àwọn tí wọ́n ń bá jagun nìyẹn o. Trimmingham béèrè pé kí gan-an ni sójà aláwọ̀ dúdú ń jà fún.

Isaac Woodard kò ráyè kọ̀wé tirẹ̀. Sájẹ́ńtì ni, ó sì ti jagun ní ìhà òkun Pàsífíìkì. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1946, wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n fún un ní ìwé ìfẹ̀yìntì tó fi hàn pé ó sin ìlú tọkàntọkàn, ó wọ bọ́ọ̀sì láti Georgia lọ bá ìyàwó rẹ̀ ní South Carolina, aṣọ sójà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó bẹ awakọ̀ pé kó jẹ́ kí òun sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣe gáà, ọ̀rọ̀ sì di àríyànjiyàn. Nígbà tí wọ́n dé Batesburg, awakọ̀ pe ọlọ́pàá. Ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà fi kóńdó lù ú títí ojú rẹ̀ méjèèjì fi fọ́. Aláwọ̀ funfun ni gbogbo ìgbìmọ̀ ará ìlú tó gbọ́ ẹjọ́ náà, kò sì tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí wọ́n fi dá ọ̀gá ọlọ́pàá náà sílẹ̀. Ìtàn Woodard ba Ààrẹ Truman nínú jẹ́ gan-an. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 1948 ló pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe fi àwọ̀ ya àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà sọ́tọ̀ mọ́. Ojú Woodard kò padà là.

Èyí tí kò lárìwo bẹ́ẹ̀ ni mo rò pé ó burú jù. Ní ọdún 1944, ìjọba ṣe òfin kan fún àwọn tó ti ogun dé: owó ilé-ẹ̀kọ́, àti ẹ̀yáwó tí ìjọba dúró fún láti fi ra ilé tàbí oko. Òfin náà kò dárúkọ àwọ̀ kankan. Báǹkì ló ń yáni lówó, àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ ló sì ń darí rẹ̀. Ní Mississippi, ní ọdún 1947, ẹ̀yáwó 3,229 ni ìjọba dúró fún lábẹ́ òfin yìí. Méjì péré ló bọ́ sọ́wọ́ sójà aláwọ̀ dúdú. Ogun kan náà ni wọ́n jà, àsíá kan náà ni wọ́n gbé. Ọmọ-ọmọ ọ̀kan dàgbà sínú ilé tí bàbá àgbà fi owó ogun rà, ó ń wo àwòrán rẹ̀ nínú aṣọ sójà lára ògiri, ilé àti àwòrán sì ń sọ ìtàn kan náà. Ọmọ-ọmọ èkejì ní àwòrán, kò ní ilé. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Nígbà tí àwọn ọmọ méjèèjì bá sì jókòó sí kíláàsì kan náà, tí wọ́n ní kí wọ́n fi ọwọ́ sáyà kí àsíá, ẹ ó rí i pé ọwọ́ ọ̀kan lè wúwo díẹ̀.

Síbẹ̀, ìyà kan náà kì í bí èsì kan náà. Ní oṣù Kejì ọdún 1942, Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí àṣẹ 9066, èyí tí wọ́n fi kó nǹkan bí 120,000 ènìyàn tí ìran wọn ti Jàpáàn wá lọ sí àgọ́ àhámọ́. Ọmọ Amẹ́ríkà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba gbé ìwé ìbéèrè wá bá wọn nínú àgọ́ náà pé ṣé wọn yóò jagun fún Amẹ́ríkà, ṣé wọn yóò sì búra fún un. Àwọn kan dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sì lọ kú ní Yúróòpù nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 442, nígbà tí àwọn òbí wọn ṣì wà lẹ́yìn wáyà. Àwọn kan dáhùn bẹ́ẹ̀ kọ́ sí ìbéèrè méjèèjì, wọ́n sì jìyà rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, lẹ́yìn náà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tiwọn. Ní ọdún 1988, ìjọba tọrọ àforíjì, ó sì san 20,000 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ṣì wà láàyè. Mi ò lè sọ èwo nínú ìdáhùn méjèèjì ló ní ìfẹ́ ìlú nínú jù. Ẹni tó bá yá lẹ́nu láti sọ ọ́, kò tíì sùn nínú àgọ́ rí.

Daniel Inouye, ọmọ Hawaii, wà nínú ẹgbẹ́ 442 yẹn. Ó pàdánù apá ọ̀tún rẹ̀ sí ogun Ítálì ní oṣù Kẹrin ọdún 1945. Nígbà tó ń padà bọ̀ nílé, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní San Francisco, aṣọ ọ̀gá sójà lọ́rùn, àmì ẹ̀yẹ láyà, apá kan ṣófo. Onígbàjámọ̀ náà ní àwọn kì í gẹ irun ará Jàpáàn. Inouye padà lo nǹkan bí àádọ́ta ọdún nílé aṣòfin àgbà. Ó sọ ìtàn onígbàjámọ̀ yẹn léraléra ní gbogbo ìgbà tó fi ń sin ìlú náà, kò sì jọ pé ọ̀kan ń di èkejì lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Colin Kaepernick ti yé mi nìyẹn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà yìí jókòó nígbà tí wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè. Ó ní òun kò ní dìde láti fi hàn pé àsíá orílẹ̀-èdè tó ń ni aláwọ̀ dúdú lára ń mú orí òun wú. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé sójà kan ló gbà á nímọ̀ràn kó kúnlẹ̀. Nate Boyer, tó ti jagun rí, kọ lẹ́tà sí i pé jíjókòó yẹn dun òun, wọ́n pàdé, wọ́n sọ ọ́. Boyer ní kó kúnlẹ̀, torí pé bẹ́ẹ̀ ni sójà ṣe ń kúnlẹ̀ síbi sàréè ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, Kaepernick kúnlẹ̀, Boyer dúró tì í, ọwọ́ láyà. Ìkúnlẹ̀ tí wọ́n jọ yàn nítorí ọ̀wọ̀ ni ìdajì orílẹ̀-èdè rí bí àbùkù. Oríkì ìran ń yin baba ńlá, ó sì ń tú àṣírí rẹ̀ nínú ìmí kan náà, kò sì sẹ́ni tó ń pe asunrárà ní ọ̀dàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí gbogbo ilé gbà pé ọmọ ilé ni ló lè sun irú rárà bẹ́ẹ̀ kó sì lọ sùn láìfòyà. Láti ọdún 2017 ni Kaepernick kò ti rí ẹgbẹ́ kankan gbà á.

Ẹni tó ṣí wọlú ń fi ojú mìíràn wò ó. Ohun tó fi sílẹ̀ nílé ló ń fi wọn Amẹ́ríkà: bí ibi tó ti wá bá le, ọjọ́ tó gbé ọwọ́ sókè búra gẹ́gẹ́ bí ọmọ onílùú, orí rẹ̀ lè wú ju ti ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ. Ọmọ tó bí síbẹ̀ kò mọ ilé àtijọ́ yẹn, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì ló ń fi wọn ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí bàbá àti ọmọ fi ń jà nídìí tẹlifíṣọ̀n lórí ọ̀rọ̀ àsíá. Àwọn ará Áfíríkà tó débẹ̀ tún máa ń rí nǹkan kan: wọn kò mọ ara wọn sí “aláwọ̀ dúdú” tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ fún wọn. Amadou Diallo, ọmọ Guinea, ẹni ọdún 23, dúró síwájú ilé rẹ̀ ní Bronx ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 1999. Ọlọ́pàá mẹ́rin yìnbọn 41 sí i. Kò ní ohun ìjà lọ́wọ́. Wọn kò bi í bóyá baba ńlá rẹ̀ ṣe ẹrú rí.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà. Mesut Özil, tí ìran rẹ̀ ti Tọ́kì wá, fi ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Jámánì sílẹ̀ ní ọdún 2018, ó ní bí àwọn bá borí, ọmọ Jámánì ni òun, bí àwọn bá pàdánù, àlejò ni òun. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní Wembley, Rashford, Sancho àti Bukayo Saka pàdánù pẹnáríti tí England ì bá fi gba ife-ẹ̀yẹ Yúróòpù. Ọmọ ọdún 19 ni Saka, London ni wọ́n bí i sí, orúkọ rẹ̀ kò sì fi ibi tí àwọn òbí rẹ̀ ti wá pamọ́ fún wa. Ìwọ̀sí tí wọ́n fi bọ̀ wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ náà kò ṣeé tún sọ. Saka kọ̀wé nígbà tó yá pé lójú ẹsẹ̀ ni òun ti mọ irú ìkórìíra tó ń bọ̀ wá bá òun. Ìbí kò ju ìbí, bí a ṣe bí ẹrú la bí ọmọ, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 19 tó wọ aṣọ ìlú rẹ̀ ti mọ ìyàtọ̀ náà kí ẹnikẹ́ni tó lanu.

Ẹni tó ti la ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀ tipẹ́ ní Amẹ́ríkà ni Frederick Douglass, tó sá kúrò lóko ẹrú. Wọ́n pè é kó wá sọ̀rọ̀ ọjọ́ òmìnira ní Rochester, ní New York, ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1852. Ó yin àwọn tó dá orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀, ó yin ìlérí tí wọ́n kọ sínú ìwé, lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọn tó ń gbọ́ ọ pé tiyín ni ọjọ́ yìí, kì í ṣe tèmi. Ọdún 11 lẹ́yìn náà, òun kan náà ló ń lọ káàkiri tó ń rọ àwọn aláwọ̀ dúdú pé kí wọ́n wọṣẹ́ ológun nínú ogun abẹ́lé tí wọ́n ń jà lórí ọ̀rọ̀ ẹrú, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, Lewis àti Charles, sì wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun 54 ti Massachusetts. Lewis wà níbi ìjà Fort Wagner ní oṣù Keje ọdún 1863.

Dọ́là 13 lóṣù ni ìjọba ń san fún sójà funfun nígbà náà. Dọ́là 10 ni ti dúdú, wọ́n á sì yọ 3 nínú rẹ̀ fún aṣọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ 54 kọ owó náà. Wọ́n ń jagun, wọ́n ń kú, wọn kò gba kọ́bọ̀, ó lé ní ọdún kan. Massachusetts ní òun yóò fi owó ara òun dí ohun tó kù. Wọ́n kọ ìyẹn náà.